Ohun Tó Wo Bàbá Mi Sàn Nínú Yàrà

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́ ìyá mi ni mo lọ mú bàbá mi wá sí Benin. Mi ò bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ wá. Mo kó aṣọ wọn sínú àpò, mo ti ilẹ̀kùn yàrá wọn, mo ní ọkọ̀ ń dúró dè wá. Bí mo ṣe máa ń ṣe nǹkan nìyẹn. Ọkọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní Warri tó ń wálé ní òpin ọ̀sẹ̀, máa ń sọ pé bí mo bá rí ẹni tó ń rì sómi, màá kọ́kọ́ bú u ná kí n tó fà á jáde. Kò parọ́ mọ́ mi.

Kì í ṣe àánú nìkan ló gbé mi lọ. Ọkàn mi ló ń dá mi lẹ́bi. Mùsùlùmí ni àwọn òbí mi. Àárọ̀ ni ìyá mi kú, ilẹ̀ ò sì tíì ṣú tí wọ́n fi gbé wọn wọlẹ̀. Fóònù alágbèéká ò tíì dé nígbà náà. Awakọ̀ kan ló mú ọ̀rọ̀ náà wá bá mi ní ìsọ̀ òwú àti bọ́tìnnì tí mo ní lọ́jà Uselu, ìgbà tí mo sì máa fi dé ìlú wa lọ́jọ́ kejì, ebè pupa kan ni wọ́n nawọ́ sí fún mi lẹ́yìn ilé. Mi ò rí ojú wọn, mi ò rí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ìyá mi ti kú, ebè yẹn ni mo máa ń rí, bí ẹni pé iṣu ni wọ́n gbìn síbẹ̀. Mo sunkún, ṣùgbọ́n inú ẹkún náà ni mo ti ń bínú. Mi ò tilẹ̀ mọ ẹni tí mò ń bínú sí.

Ilé tí a ń gbé wà lẹ́bàá Ekenwan Road, kò jìnnà sí bárékè àwọn sójà. Yàrá méjì àti pálọ̀ ni, onílé sì ti fi sìmẹ́ńtì bo gbogbo àgbàlá débi pé koríko kan ò lè yọjú. Bàbá mi, tó fi àádọ́ta ọdún ṣe oko kòkó, wá ń jókòó sórí àga kan lábẹ́ fáànù. Wọ́n á kírun àsúbàá, wọ́n á jókòó. Wọ́n á kírun ọ̀sán, wọ́n á tún jókòó. Oúnjẹ tí mo bá gbé ka iwájú wọn, wọ́n á fi ìka kan kàn án, wọ́n á ní àwọn ti yó. Wọn kì í sùn. Ọmọ mi obìnrin, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà, ló ń bá wọn sùn nínú yàrá kan. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa ṣùgbọ́n kì í fi fèsì. Ó wá bá mi ní ìdáná láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rọra sọ ọ́ bí ẹni ń fẹjọ́ sùn:

"Mummy, Grandpa no dey close eye. I don look am well well. E just dey look ceiling."

Mo jágbe mọ́ ọn pé kó lọ múra ilé ìwé. 

Nọ́ọ̀sì kan wà lójú títì wa, ọmọ Edo, ó ti fẹ̀yìn tì, ó wá ṣí ṣọ́ọ̀bù oògùn. Mo mú bàbá lọ bá a. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, ó tún un wọ̀n, ó wá wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Madam, this one no be only tablet o. Papa don dry. Make e dey comot. Make e waka where tree dey, where cool breeze dey. Person wey don live for farm all him life, you come carry am put inside cement."

Mo dá a lóhùn pé mi ò lè gbé oko kòkó wá sí Benin. Bàbá mi, tí kò gbọ́ ohun tí a ń sọ, ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Ìgbà tí a délé mo ṣàlàyé fún wọn pé nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n máa rìn. Wọ́n ní ṣé ibi tí àwọn fẹ́ rìn lọ náà wà. Mo ní kí wọ́n ṣáà máa rìn ni. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi rìn lẹ́bàá títì, ọkọ̀ ń da eruku bò wọ́n, wọ́n sì ń wálé pẹ̀lú orí fífọ́ tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ karùn-ún, wọn ò tètè dé. Mo ti ilé jáde tòun ti ìbínú, mo wá wọn títí dé ìpẹ̀kun àdúgbò, níbi tí ilé ti tán tí igbó ṣúṣú kan bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀bá igbó náà ni mo bá wọn, wọ́n dúró, wọ́n na ọ̀pá wọn síwájú.

"Yàrà rèé," ni wọ́n wí.

Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, mi ò tíì gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu wọn. Yàrà ni lóòótọ́: kòtò ńlá tí àwọn ará Benin àtijọ́ fi ọwọ́ gbẹ́ yí ìlú wọn ká, kí ogun má baà wọlé. Iya ni àwọn ọmọ Edo ń pè é. Ìlú tiwa náà ní tirẹ̀ láyé àwọn baba bàbá mi, àmọ́ ilé ti bò ó. Ti Benin yìí jìn débi pé igi tó hù ní ìsàlẹ̀, orí rẹ̀ ni èèyàn ń wò láti òkè. Mo ti ń gbé àdúgbò yẹn fún ọdún márùn-ún, mi ò wò ó rí. Ibi tí àwọn èèyàn ń da ìdọ̀tí sí ni mo mọ̀ ọ́n sí.

Nígbà tí ìyá onílé wa gbọ́ pé bàbá fẹ́ máa lọ rìn níbẹ̀, ó dìde lórí àpótí tó jókòó lé.

"Tell Papa make e no dey enter that place anyhow. Na our old people dig am. People die for inside. We wey born here sef no dey go stroll for there."

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún bàbá mi. Wọ́n ní, "Kò síbi tí èèyàn ò kú sí." Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí wọ́n ṣe kírun tán, wọ́n mú ọ̀pá, ó di inú yàrà.

Mi ò ní sọ pé mi ò rí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ojú wọn yí padà. Wọ́n dé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ pupa lẹ́sẹ̀, wọ́n sì jẹ ẹ̀bà tán láìsọ̀rọ̀. Lọ́sẹ̀ kejì ni ọmọ mi wá sọ fún mi pé Grandpa ti ń hanrun. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday kan, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń hanrun, omi sì ń bọ́ lójú mi bí ìyá tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbádùn. Ẹ̀jẹ̀ wọn wálẹ̀. Nọ́ọ̀sì na ọwọ́ sókè, ó ní ṣebí òun sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ bàbá mi ló wá ń sọ fún gbogbo àgbàlagbà tó bá wá ra oògùn: ẹ lọ sábẹ́ igi, ẹ lọ fa afẹ́fẹ́ sínú, ẹ wo Papa yẹn.

Mo bá wọn lọ lẹ́ẹ̀kan ní oṣù àkọ́kọ́. Ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni èèyàn ń bá sọ̀ kalẹ̀. Bí a ṣe ń sọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìlú ń dákẹ́ lẹ́yìn wa: àwọn sójà tó ń sáré àárọ̀, rédíò ilé kan, ẹni tó ń polówó búrẹ́dì. Ká tó dé ìsàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti dákẹ́ pátá. Ó tutù níbẹ̀. Oòrùn ò dé ilẹ̀, àfi àmì funfun díẹ̀ díẹ̀ lórí ewé gbígbẹ. Ògiri ilẹ̀ pupa ga lọ́tùn-ún lósì, gbòǹgbò yọ jáde lára rẹ̀. Àkùkọ kan kọ lókè, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ mi ni mo ti gbọ́ ọ. Èémí mi wọlé délẹ̀délẹ̀, mo sì mọ̀ ọ́n lára pé ó dára fún mi. Síbẹ̀ mo fẹ́ jáde.

A ń rìn. Mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ bàbá mi, mò ń gbọ́ tèmi. Nígbà tó yá, mo gbọ́ ẹsẹ̀ kẹta. Mo dúró, bàbá náà dúró. Ẹsẹ̀ kẹta yẹn gbé ìgbésẹ̀ méjì sí i kó tó dúró.

"Ògiri ló ń dá a padà," ni bàbá mi wí láìwo ẹ̀yìn. "Bí yàrà ṣe ń ṣe nìyẹn. Má da ara rẹ láàmú."

Mi ò bá wọn lọ mọ́. Mo ní ìsọ̀ ń dúró dè mí.

Àmọ́ mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn nǹkan kan. Bàbá mi ń wẹ̀ kí wọ́n tó lọ rìn. Èèyàn wo ló ń wẹ̀ kó tó lọ sínú igbó? Wọ́n ń wọ bùbá tó mọ́, wọ́n ń fi lọ́fínńdà tí àwọn Àlàájì ń fún ara wọn kan ọrùn. Wọ́n ṣíwọ́ sísọ̀rọ̀ ìyá mi. Tẹ́lẹ̀, kò sí oúnjẹ tí mo sè tí wọn ò fi wé ti ìyá mi, kì í sì í ṣe láti fi yìn mí. Wọ́n wá di ẹni tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sínú ife tíì. Nígbà tí mo ní kí ọmọ mi máa bá wọn lọ ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Mo ní kó tẹ̀ lé wọn lọ́nà jíjìn. Ó padà wá, ó ní:

"Grandpa no dey waka. E stand for back of one big tree, e dey peep."

"Kí ni wọ́n ń yọjú wò?"

"I no go near. Fear catch me."

Ojú tó bá farabalẹ̀ ló ń rímú, àmọ́ ojú tèmi kì í farabalẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Monday, mo jẹ́ kí wọ́n lọ, mo kà dé igba nínú ọkàn mi, mo tẹ̀ lé wọn. Mo bọ́ sálúbàtà mi sọ́wọ́ kí ògiri yẹn má baà sọ fún wọn pé mò ń bọ̀.

Mo rí wọn lẹ́yìn igi àràbà kan, wọ́n fi ọwọ́ lé ara igi náà. Mo wo ibi tí wọ́n ń wò. Nǹkan bí ọgbọ̀n ìgbésẹ̀ síwájú, obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ nínú ewé, ó kẹ̀yìn sí wa. Ìró àdìrẹ tó ti ṣá ló ró, ó sì fi gèlè kékeré kan di orí. Ewé eéran ló ń gé, irú èyí tí wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀kọ. Ọwọ́ òsì ló fi mú ọ̀bẹ. Bó bá gé ewé mẹ́wàá, á dìde, á fi ọwọ́ ọ̀tún ti ìbàdí, á na ẹ̀yìn díẹ̀ sápá kan, á tún bẹ̀rẹ̀. Ó ń to ewé náà ní ojú kojú, ẹ̀yìn kẹ́yìn, ó sì ń fi okùn ìdí ewé fúnra rẹ̀ dì í.

Ọwọ́ òsì ni ìyá mi ń lò. Ìbàdí ọ̀tún ló máa ń dùn wọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Bí wọ́n ṣe ń to ewé nìyẹn, wọ́n sì ti gbá mi létí rí torí pé mo tò ó lódì.

 Mo jókòó sílẹ̀ lórí ewé gbígbẹ, ariwo rẹ̀ sì mú kí bàbá mi yíjú. Wọn ò bínú. Wọ́n fi ìka lé ètè, wọ́n dì mí lápá, wọ́n rọra mú mi gòkè, bí ẹni ń mú ọmọdé jáde ní yàrá ibi tí aláìsàn ń sùn.

Lókè, lẹ́bàá igbó, ni wọ́n ti sọ fún mi.

"Ọjọ́ kẹta tí mo dé ibẹ̀ ni mo rí i. Mo kọ́kọ́ rò pé ojú mi ni. Mo padà lọ́jọ́ kejì, ó wà níbẹ̀."

"Bàbá, ẹ ti wo ojú rẹ̀?"

"Rárá o. Mi ò ní jẹ́ kó rí mi."

Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò tíì gbọ́ ìtàn àkúdàáyà: ẹni tó kú nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé, tó wá lọ ń gbé ìlú òkèèrè níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n, tó ń ṣòwò, tó ń ra ata bíi tèmi tìrẹ. Ọjọ́ tó bá pàdé ojúlùmọ̀, tàbí tí ẹni tirẹ̀ pè é, ọjọ́ náà ló di àwátì. Á tún kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn. Ìtàn tí a fi ń dẹ́rù ba ara wa nílé ìwé ni lójú tèmi. Bàbá mi ò fi ṣeré rárá.

Mo ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ń kírun ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́?"

"Mi ò sìn ín. Mò ń wò ó ni." Wọ́n fi ọ̀pá gbọn ewé gbígbẹ kúrò lẹ́sẹ̀. "Ohun tó lé lógójì ọdún ni mo fi ń pe ìyá rẹ káàkiri. Wá síbí, gbé tibí, omi ọwọ́ mi dà. Tí mo bá tún pè é báyìí, yóò di dandan kó tún ṣí lọ. Jẹ́ kó gé ewé rẹ̀ ní àlàáfíà. Ṣèlérí fún mi pé o ò ní pè é."

Mo ṣèlérí. Mo tún fi Kùránì tó wà nílé búra nítorí pé wọ́n mọ ẹnu mi. Ṣùgbọ́n ohun tí bàbá mi ò rò ni pé àwọn ti dágbére fún ìyá mi. Bàbá mi ló wẹ òkú wọn, bàbá mi ló dúró lórí ebè yẹn. Èmi ò rí nǹkan kan.

Oṣù méjì ni mo fi pa ẹnu mọ́. Kò tíì ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Mo ń ta bọ́tìnnì, mo ń ka ṣéńjì fún oníbàárà, inú mi sì ń pariwo. Nígbà mìíràn mo máa ń fi ara mi ṣe yẹ̀yẹ́: obìnrin Edo kan tó ń gé ewé tà ni, ẹ̀yin bàbá àti ọmọ sì ti ya wèrè. Nígbà mìíràn mo máa ń rò pé tó bá jẹ́ ìyá mi ni, tí wọ́n sì wà ní ogún ìṣẹ́jú sí ilé mi, kí ló dé tí wọn ò wá kí mi? Bàbá mi ń sanra. Wọ́n ti ń gbá àgbàlá fún ìyá onílé, wọ́n ti ń kọ́ èdè Edo díẹ̀ díẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Mo mọ̀ dájú pé bí mo bá ba nǹkan yìí jẹ́, ẹ̀mí bàbá mi ni mo ń fi ṣeré.

Òjò rọ̀ mọ́jú ọjọ́ kan, ọ̀fìnkìn sì mú wọn. Wọ́n kírun, wọ́n padà sùn. Mo ní mo fẹ́ tètè lọ sọ́jà.

Inú yàrà ni mo lọ. Ilẹ̀ ń yọ̀, omi ń kán láti orí igi kan sórí òmíràn, òórùn ewé tútù bo gbogbo ibẹ̀. Mo gba ẹ̀gbẹ́ igi àràbà náà kọjá. Ó wà níbẹ̀. Òjò ò tíì dá pátápátá, síbẹ̀ ó wà níbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń gé ewé lọ́wọ́ òsì. Mo sún mọ́ ọn ju bí bàbá mi ṣe máa ń sún mọ́ ọn lọ. Mo rí àwọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo rí i tó fi ọwọ́ ti ìbàdí.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Mo mọ òwe náà dáadáa, kò sí ọjọ́ tí bàbá mi kì í pa á fún mi.

Mo ní, "Ìyá mi."

Ọwọ́ tó mú ọ̀bẹ dúró. Ẹyẹ tó ń dún dákẹ́. Mo tún pè, "Ìyá mi, èmi ni." Ó nàró, ó kẹ̀yìn sí mi síbẹ̀, orí rẹ̀ sì yí díẹ̀, ìwọ̀n tí èèyàn máa ń yí orí kó lè gbọ́ ohùn dáadáa. Mo rí etí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo pè é, ẹkún ni. Kò wẹ̀yìn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, kò yára, kò fà sẹ́yìn, ó gba kọ̀rọ̀ tí yàrà ti yà lọ sósì.

Mo sáré. Mo ṣubú lẹ́ẹ̀kan, mo dìde. Nígbà tí mo yà sí kọ̀rọ̀ náà, yàrà gùn gbọọrọ síwájú mi bí ọ̀nà ọjà tí wọ́n ti tú. Ògiri rẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì ga ju ohun tí èèyàn lè gùn lọ. Kò sí ẹnikẹ́ni. Mo tún gbọ́ ẹsẹ̀ ara mi tó ń sáré bọ̀ lẹ́yìn mi, lẹ́yìn tí mo ti dúró. Mo padà síbi ewé. Ìdì kan wà nílẹ̀ tí kò dì tán, ojú kojú, ẹ̀yìn kẹ́yìn, oje rẹ̀ ṣì ń yọ.

Mo bi ìyá onílé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn bóyá ó mọ obìnrin tó ń gé ewé nínú yàrà.

"Which woman?" ló wí. "Nobody dey cut leaf for there."

Mi ò sọ fún bàbá mi. Nígbà tí ara wọn yá lọ́jọ́ kẹta, wọ́n wẹ̀, wọ́n kan lọ́fínńdà, wọ́n lọ. Wọ́n padà dé, wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí òjò ni kò jẹ́ kó wá. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní ó lè jẹ́ pé ewé ibẹ̀ ti tán, kó ti sún síwájú. Bí wíwá ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n sún síwájú. Wọ́n ń rìn dé ibi tí wọn ò dé rí, dé ibi tí títì gé yàrà sí méjì, wọ́n á fo títì, wọ́n á tún sọ̀ kalẹ̀ lápá kejì. Bí wọ́n ṣe ń wá a tó, bẹ́ẹ̀ ni ara wọn ń le tó. Iṣan ẹsẹ̀ wọn le bíi ti ọ̀dọ́kùnrin. Nọ́ọ̀sì yọ oògùn kan kúrò nínú oògùn wọn, lẹ́yìn náà ó yọ èkejì. Ó ní òun ò rí irú rẹ̀ rí. Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, màá sì fẹ́ kí ilẹ̀ ya kí n wọ inú rẹ̀.

Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn rìn. Kí ni mo tún lè ṣe? Mi ò lè jẹ́ kí àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ máa dá wá ohun tí mo lé lọ. Àkókò tí mo ń lò lórí ibùsùn láàárọ̀ ni mo fi sílẹ̀. Orí tó máa ń fọ́ mi láti ìgbà tí mo ti ṣí ìsọ̀ sì lọ, àyà mi tó máa ń já lójijì sì dẹwọ́. Ara mi ń dùn mọ́ mi nínú ibi tí mo ti hùwà tó burú jù láyé mi. Mo kórìíra rẹ̀, síbẹ̀ mò ń sùn bí ọmọ ìkókó.

Ọdún mẹ́jọ la fi rìn. Fóònù alágbèéká dé, ọmọ mi wọ yunifásítì, àwọn èèyàn da ìdọ̀tí kún apá kan yàrà, wọ́n kọ́lé sí i. A wá ń rìn ní èyí tó kù. Bàbá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wọn ò sì mọ ibi tí wọ́n ń pè ní ilé ìwòsàn.

Àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, wọ́n jókòó sórí gbòǹgbò kan, wọ́n ní kí n jókòó.

"Ìwọ lo pè é, àbí?"

Irọ́ ò wá sí mi lẹ́nu. Mo ní, "Èmi ni, bàbá."

"Mo ti mọ̀. Ọjọ́ tí mo ní ọ̀fìnkìn. O dé pẹ̀lú ẹrẹ̀ lórúnkún, o sì ní ọjà lo ti ń bọ̀." Wọn ò bínú, èyí ló dùn mí jù. "Mi ò bi ọ́ nítorí mo ń bẹ̀rù ohun tó o máa sọ. Ṣé ó wo ojú rẹ?"

Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n ti gbé ìbéèrè yẹn rìn. Mo wo ojú wọn, mi ò lè sọ fún wọn pé ìyá mi gbọ́ ohùn mi, kò sì wẹ̀yìn.

"Ó wò mí," ni mo wí. "Ó wẹ̀yìn, ó rí mi dáadáa, ó rẹ́rìn-ín."

Bàbá mi mí kanlẹ̀. Èjìká wọn sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ní, "Alhamdulilahi. A jẹ́ pé ó ti rí ọ. Ohun tí mo fẹ́ kó rí náà nìyẹn." Wọ́n fi ọ̀pá dìde, wọ́n sì kọjú sọ́nà ilé, bẹ́ẹ̀ a ò tíì rìn dé ìdajì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo gbé bàtà wọn wá. Wọ́n ní kí n gbé e padà, kò sí ohun tí àwọn ń wá mọ́. Ọjọ́ kẹta, bákan náà. Lọ́sẹ̀ kejì wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kan kan oúnjẹ. Nọ́ọ̀sì wá sílé, ó wọn ẹ̀jẹ̀ wọn, ó ní kò sí ohun tó ṣe wọ́n: "Papa strong pass me. Make e just dey waka." Ìgbà yẹn ni mo mọ ohun tí mo ti gbà lọ́wọ́ wọn.

Mo kúnlẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn. Mo ní, "Bàbá, irọ́ ni mo pa. Kò wẹ̀yìn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè é, kò wò mí. Ó ṣì wà níbì kan, kò tíì rí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ wá a."

Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí. Ọwọ́ náà fúyẹ́.

"Má sunkún mọ́," ni wọ́n wí. "Mo mọ̀ pé nítorí kí n lè dìde lo ṣe ń parọ́."